Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì àti Gbígba Ọmọ Ìjọ Tuntun

Láti ìgbà tí a ti ṣe ọdún Àjíǹde tán ni lẹ́tà ti ń wọlé lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn ni bí ó ṣe yẹ kí ìjọ Áńgílíkà ṣe ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì, àti ohun tí ó yẹ kí a ṣe fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Mo gé wọn kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò, nítorí pé Ìbàdàn tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì kò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Wọ́dìn ni mí ní ìjọ Áńgílíkà kan ní Àpáta. Ọmọ ìjọ tuntun mọ́kànlá ni a fẹ́ gbà wọlé lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì, díẹ̀ nínú wọn yóò sì ṣe ìsàmì. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọ ní kí gbogbo wọn ra ańkárá pupa, àwọn kan ní aṣọ funfun ni ó tọ́. Àwọn kan tún ní kí a pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn síwájú kí ó sọ ìdí tí ó fi kúrò ní ìjọ rẹ̀ àtijọ́. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn. (Wọ́dìn, Àpáta)

Bàbá Wọ́dìn, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ aṣọ kúrò lọ́nà, nítorí òun ni ó rọrùn jù, ìhà méjèèjì ni ó sì jàre. Pupa ni àwọ̀ ọjọ́ náà nínú ìjọ wa, nítorí ahọ́n iná tí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì sọ pé ó bà lé àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Òun ni a fi ń bo pẹpẹ, òun náà ni àlùfáà ń gbé kọ́rùn. Funfun ní tirẹ̀ jẹ́ aṣọ ìsàmì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, funfun ni àwọn tí a bá sàmì fún lọ́jọ́ yìí ń wọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ibẹ̀ ni Ìwé Àdúrà àtijọ́ ti rí orúkọ Whitsunday, ìyẹn Sọ́ńdè funfun, tí ó fi ń pe ọjọ́ náà. Kí àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìsàmì wọ funfun bí wọ́n bá ní in nílé, kí àwa yòókù wọ pupa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí wọ́n ra ańkárá. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ẹ kò tíì mọ bí ó ṣe ń jẹun nílé, tí ẹ wá ń ka iye ọ̀pá aṣọ fún, yóò máa rẹ́rìn-ín lójú yín ni, yóò sì lọ yá owó.

Ti pé kí wọ́n wá síwájú wá sọ ìdí tí wọ́n fi kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, èmi lòdì sí i pátápátá. Ẹni tí ó fi ìjọ kan sílẹ̀, ó lè jẹ́ nítorí ìgbéyàwó, ó lè jẹ́ nítorí ìjà, ó sì lè jẹ́ pé owó ọkọ̀ láti Àpáta dé Ìwó Róòdù ni ó ti ju agbára rẹ̀ lọ. Èwo ni ó kan gbogbo ìjọ níbẹ̀? Ẹ tún ìtàn ọjọ́ náà kà. Kò sí ibi tí Pétérù ti ní kí ará Mesopotámíà kan dìde kí ó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Àwọn tí ó wà nínú ilé ni ó jáde sọ̀rọ̀, àwọn àlejò ni ó sì ń gbọ́. Lúùkù fara balẹ̀ ka ibi tí wọ́n ti wá lọ́kọ̀ọ̀kan, láti Pátíà àti Médíà títí dé Róòmù, Kírétè àti Arébíà, ohun tí ó sì sọ pé ó yà wọ́n lẹ́nu ni pé oníkálukú ń gbọ́ ọ ní èdè tí a bí i sí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìwọ̀n ẹgbẹ̀ẹ́dógún ọkàn ni a kà kún wọn. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ nìyí: ìjọ ni ó gbọ́ èdè àlejò lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì, a kò ní kí àlejò gbọ́ èdè ìjọ kí ó tó wọlé.

Ìjọ tiwa kò sì ṣàìmọ èyí. Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì, ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1549, ni a bẹ̀rẹ̀ sí í lo Ìwé Àdúrà àkọ́kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn ènìyàn lè jáwọ́ nínú gbígbọ́ Látìnì tí kò yé wọn. Ọgbọ́n dára, àmọ́ àwọn ará Cornwall tí wọ́n ní èdè tiwọn dìde ìjà sí i, wọ́n ní àwọn kan nínú àwọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ẹ wò ó, ẹni tí ó ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ èdè àjèjì tún ti fi tirẹ̀ di àjèjì sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1844 ni Samuel Àjàyí Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, fún àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tí wọ́n sì wà níbẹ̀. Ẹ fojú inú wo àwọn àgbà tí wọ́n ti ń gbọ́ ìwàásù lédè òyìnbó láti ọdún yìí wá, tí wọ́n wá gbọ́ ọ lójijì bí ẹni pé ìyá wọn ni ó ń pè wọ́n.

Níbí náà, ní Ìbàdàn, àwọn tí ó gbé ìhìn rere wá ni ó kọ́kọ́ jẹ́ àlejò. David Hinderer, ọmọ Jámánì tí CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rán, mú Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní ọdún 1853. Ó ti kọ́ Yorùbá kí ó tó máa wàásù. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ sì fi ọmọ tirẹ̀, Yéjídé àti Akínyẹlé, sí wọn lọ́wọ́ kí wọ́n kọ́ wọn níwèé. Ìbàdàn ni ó gbà wọ́n wọlé ṣáájú kí àwọn náà tó gba ẹnikẹ́ni sínú ìjọ, mi ò sì tíì gbọ́ pé a ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá kankan lọ́jọ́ náà.

Bàbá Wọ́dìn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí fún yín, nínú ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, vìká pinnu pé a ó ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì ní oríṣiríṣi èdè lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì. A rí ẹni tí yóò ka Gẹ̀ẹ́sì, a rí ti Íbò, a rí ti Haúsá. Wọ́dìn wa ní ọkùnrin tí ó ń ṣọ́ géètì gbọ́ Ègùn, pé Àgbádárìgì ni wọ́n ti bí i. Ọjọ́ pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti ń ṣí géètì fún wa, ó ń fọwọ́ sọ ibi tí a ó gbé mọ́tò sí, a ń dá a lóhùn pé “Ẹ ṣeun, Bàbá Géètì.” Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó wọlé pẹ̀lú bàtà rọ́bà tí ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àga ìkàwé, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán dúró kàwé láìkọsẹ̀ níbì kankan, àní níbi Firigíà àti Pamfilíà tí akọ̀wé ìjọ ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó parí, obìnrin méjì dìde lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń dá a lóhùn ní Ègùn. Ọmọ ìjọ wa ni wọ́n, wọ́n ti ń wá fún ọdún mélòó kan, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì mọ̀ pé Ègùn ni wọ́n. Ọjọ́ náà ni a tó mọ orúkọ Bàbá Géètì.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn mọ́kànlá yín ṣe nǹkan kan lójú ìjọ, ẹ fún wọn ní ohun tí wọ́n lè fún ìjọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè mìíràn, kí ó kàwé. Ẹni tí ó bá lè lu ìlù, ẹ fún un ní gángan. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí ojú wo òun, ẹ jẹ́ kí ó jókòó. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé ìdílé kan lọ́wọ́, kì í ṣe lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ o, nítorí pé ohun tí ó bá jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́ kì í jẹ́ ti ẹnì kan. Kí ìdílé náà mọ ilé wọn, kí wọ́n mọ ọjọ́ tí wọn kò bá wá, kí wọ́n sì fi Ìwé Orin hàn wọ́n, nítorí pé ẹni tí ó wá láti ibi tí orin ti ń hàn lára ògiri kò ní mọ̀ pé nọ́mbà tí a kọ sí pátákó ni ó yẹ kí òun wò.

Ẹ ǹ lẹ́ o. Ìjọ Kátólíìkì ni a ti sàmì fún mi ní kékeré, bíṣọ́ọ̀bù sì ti gbọ́wọ́ lé mi lórí nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Áńgílíkà ni ọkọ mi. Màmá kan nínú ìjọ wọn ní dandan ni kí n tún ìsàmì ṣe kí n tó di ọmọ ìjọ. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyàwó tuntun, Mọ́níyà)

Rárá, ìyàwó wa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. A kì í ṣe ìsàmì lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá ti fi omi sàmì fún ènìyàn ní orúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, ó ti parí, bí ó jẹ́ Kátólíìkì, bí ó jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, bí ó sì jẹ́ inú odò ni àwọn Onítẹ̀bọmi ti rì í. Màmá yẹn pẹ̀lú máa ń jẹ́wọ́ ìbatisí kan ṣoṣo nígbàkígbà tí a bá ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ti Nísíà, bóyá kò fetí sí ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ ni.

Bí ó bá jẹ́ pé kò dá ẹnikẹ́ni lójú bóyá a sàmì fún ènìyàn rí, bí ọmọ tí òbí rẹ̀ kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni, Ìwé Àdúrà ní ọ̀nà fún un: àlùfáà yóò sọ pé, bí a kò bá tíì sàmì fún ọ, mo sàmì fún ọ báyìí. Ọ̀rọ̀ tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù sì ti gbọ́wọ́ lé yín lórí, ohun tí ìlànà Áńgílíkà sábà máa ń ṣe fún ẹni bíi tiyín ni pé kí a gbà á sínú ìdàpọ̀ wa, kì í ṣe pé kí a tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìsàmì àti ti ìgbọ́wọ́lé yín lọ bá vìká fúnra rẹ̀, kí ẹ sì jókòó sí kíláàsì tí ó bá ní kí ẹ jókòó sí, kì í ṣe nítorí pé ẹ kò mọ Ọlọ́run, bí kò ṣe kí ẹ lè mọ ìdí tí a fi ń dìde níbi tí a ti ń dìde. Ẹ sì máa kí Màmá náà dáadáa.

Olóòtú, ọmọ mi obìnrin tí ó wà ní Amẹ́ríkà sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n gba òun sí ìjọ Episcopal lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì tó kọjá, pé bíṣọ́ọ̀bù ni ó gba òun. Áńgílíkà ni mo tọ́ ọ dàgbà sí. Ṣé ó ti yí ìjọ padà ni? (Ìyá kan, Bódìjà)

Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Láti inú èdè Gíríìkì ni orúkọ yẹn ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìjọ tí ó ní bíṣọ́ọ̀bù, ìyẹn alábòójútó. Gbòǹgbò kan náà ni àwọn àti àwa. Nígbà tí Amẹ́ríkà gba òmìnira, àwọn àlùfáà wọn kò lè búra fún ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Gẹ̀ẹ́sì kò sì lè fi ẹni tí kò búra jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Samuel Seabury, àlùfáà kan nínú wọn, kọjá lọ sí Scotland, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ sì yà á sí mímọ́ ní Aberdeen ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1784. Ní ọdún 1789 ni wọ́n fi ìdí ìjọ wọn múlẹ̀, tí wọ́n sì ṣe Ìwé Àdúrà tiwọn. N kò ní fi pa mọ́ fún yín pé láti ọdún 2003 ni àárín Ìjọ Áńgílíkà ti Nàìjíríà àti tiwọn kò ti gún mọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin àti ẹni tí ó lè jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn gùn, kì í sì í ṣe òun ni ẹ bi mí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gba ènìyàn wọlé, nítorí ó dùn mọ́ mi. Ìwé Àdúrà wọn ti ọdún 1979 yan ọjọ́ mẹ́rin sọ́tọ̀ tí ó yẹ jù fún ìsàmì: òru Àjíǹde, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì, ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ tàbí Sọ́ńdè tí ó tẹ̀ lé e, àti ọjọ́ ìrántí ìsàmì Olúwa wa. Bí ẹni tí ó ń ṣe ìsàmì bá ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ tán, àlùfáà yóò kọjú sí ìjọ, yóò bi wọ́n léèrè bóyá wọn yóò sa gbogbo ipá wọn láti gbé ẹni yìí ró nínú ìgbé ayé rẹ̀ nínú Kristi. Gbogbo wọn yóò dáhùn pé àwọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ̀jẹ́ náà kò dá lórí àlejò nìkan. Nígbà mìíràn tí ọmọ yín bá pè, ẹ bi í léèrè ẹni tí ó ń gbé e wá ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí yìnyín bá bo ọ̀nà. Bí ó bá ní orúkọ kan láti dá, a jẹ́ pé wọ́n gbà á.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ́ ni mí, Ìwó Róòdù ni mo ń gbé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ó wà ní ìjọ ẹlẹ́mìí máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ni ó ni Pẹ́ńtíkọ́stì, pé Áńgílíkà kàn ń yá a lò ni. Ó tún rú mi lójú pé ọjọ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan. (Ọ̀dọ́ ìjọ, Ìwó Róòdù)

Ọmọ wa, ọjọ́ rẹ̀ ń yí nítorí pé Àjíǹde ń yí. Ẹ ka ọjọ́ Àjíǹde mọ́ ọn, ẹ ó kan àádọ́ta, ohun tí orúkọ náà sì túmọ̀ sí ní èdè Gíríìkì nìyẹn. Ní ọdún 2026, Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, Pẹ́ńtíkọ́stì sì bọ́ sí ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún. Àwọn Júù ti ń ṣe àjọ̀dún yìí kí a tó bí Kristi, nígbà ìkórè ọkà, ìdí nìyẹn tí èrò fi kún Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ náà. Bí yíyá bá wà níbẹ̀, gbogbo wa ni a yá a.

Ti pé ta ni ó ni ín, ẹ ní kí àwọn ọ̀rẹ́ yín lọ wádìí ìdílé kan nílùú yìí. Alexander Babátúndé Akínyẹlé, ẹni tí ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1913, ni bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn nígbà tí a dá dáyósíìsì náà sílẹ̀ ní ọdún 1952. Àbúrò rẹ̀, Isaac Babalọlá Akínyẹlé, wà lára àwọn aṣíwájú Christ Apostolic Church, ìjọ tí ìsọjí ọdún 1930 ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, sọ di ńlá, ó sì jẹ Olúbàdàn láti ọdún 1955 títí ó fi wàjà ní ọdún 1964. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀kan ń gbàdúrà láti inú ìwé, èkejì ń gbà á láìwo ìwé, a kò sì gbọ́ pé èyí sọ fún èyí pé Ẹ̀mí tirẹ̀ kì í ṣe ojúlówó.

Olóòtú, oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti ń lọ sí ìjọ Áńgílíkà kan ní àdúgbò mi. Wọ́n ní kí n dìde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n kọrin fún mi, wọ́n fún mi ní bisikíìtì àti mínírà. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ mi. Mo ti fẹ́ dáwọ́ dúró. (Arábìnrin, Òkè-Àdó)

Arábìnrin wa, ó dùn mí láti ka lẹ́tà yín, nítorí pé mo mọ bí ó ṣe rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Ìbàdàn, mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo jókòó sí ìlà kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyá àgbà kan dé, ó dúró lórí mi, kò kí mi. Ó fi Ìwé Orin rẹ̀ sórí itan mi, ó ní, “Ibi ìjókòó mi nìyẹn.” Mo dìde. Mo lọ jókòó sẹ́yìn, n kò sì padà síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ìgbà tí mo padà lọ, mo darapọ̀ mọ́ akọrin, láti inú akọrin ni mo sì ti wá mọ̀ pé ọkọ ìyá náà ni ó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn kí ó tó kú, pé ìyá náà kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ibẹ̀. A di ọ̀rẹ́. Òun ni ó gbé ọmọ mi jó nígbà tí a sàmì fún un.

N kò sọ èyí láti dá ìjọ yín láre. Ẹ̀bi wọn ni, mo sì ti bá Bàbá Wọ́dìn sọ̀rọ̀ lókè. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tíì dáwọ́ dúró. Àárín èrò Sọ́ńdè kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń di mímọ̀. Ẹ lọ síbi tí ènìyàn kò pọ̀ sí, bí ibi ìdánrawò akọrin, tàbí ibi tí àwọn ìyá ti ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sì ń to òdòdó lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tí ẹ bá jọ di ìgbálẹ̀ mú kò ní ṣàìbéèrè orúkọ yín. Ẹ sì gbìyànjú kí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì. Bí ẹnikẹ́ni bá wá dúró lórí yín pé ibi ìjókòó òun nìyẹn, ẹ kí i dáadáa, ẹ bi í léèrè orúkọ rẹ̀, ẹ sọ tiyín fún un, kí ẹ tó sún fún un.